Ilé epo fẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá mi lábúlé: kí la lè ṣe kí wọ́n tó ri táǹkì mọ́lẹ̀?

Àkọ́bíTíṣà (Sátidé, aago 9 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọgbọ́n yín ni mo wá tọrọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni ìyá mi, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Abúlé wa wà láàárín Mọ́níyà àti Ìjàyè, lójú títì tó lọ sí Ìsẹ́yìn. Bàbá mi ló kọ́ ilé náà ní 1987. Láyé ìgbà yẹn, bí mọ́tò kan bá kọjá lọ́sàn-án, gbogbo ajá abúlé ni yóò gbó o. Ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún títì yẹn ṣe, gbogbo kìlómítà 65 títí dé Ìsẹ́yìn, tí rélùwéè tó ń bọ̀ láti Èkó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, tó jẹ́ Mọ́níyà ló ń parí sí, ni ojú ilẹ̀ bá yí padà. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ dé, àwọn onísìmẹ́ńtì tẹ̀ lé wọn, ṣọ́ọ̀ṣì náà dé. A ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Àná tó jẹ́ Jímọ̀ ni katakata wọ ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún wa. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé. Kí wọ́n tó gbé igbá kalẹ̀ kí wọ́n tó dìde, ó ti hú mẹ́ta nínú àwọn pẹ̀rẹ́gún tí bàbá mi gbìn sí ààlà. Ọmọ tó ń wa katakata náà sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ má bínú mọ̀mọ́, igbó ni mo pè é." Òun náà ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilé epo ló ń bọ̀, pé bí òjò bá ti fúnni láyè díẹ̀, táǹkì á wọlẹ̀.

Mo sáré wálé láti Èkó lónìí. Wọ́n ti kan èèkàn pákó sí ibi tí kòtò táǹkì máa wà. Láti ibẹ̀ dé ẹnu kànga wa, ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógójì ni mo kà. Kànga náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì abúlé ló ń pọn ún. Omi ìjọba ò dé ọ̀dọ̀ wa rí.

Ṣé nǹkan yìí ṣeé dá dúró? Bí kò bá ṣeé dá dúró, kí ni kí n béèrè, lọ́wọ́ ta ni?

Ọ̀gá_Ilẹ̀

Àbúrò, ẹ ta ibẹ̀. Ilẹ̀ tó bá fẹ̀gbẹ́ kan ilé epo lójú títì, owó rẹ̀ ti kúrò ní kékeré. Kí mọ̀mọ́ kó wọ Ìbàdàn, kí wọ́n máa gbé ilé tó ní ẹ̀rọ omi, kí wọ́n máa wo tẹlifíṣàn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ oníbàárà, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àti pé òfin ilẹ̀ ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún yín, ẹ má jẹ́ kó lọ.

Ìyá_Wúrà

Ọ̀gá Ilẹ̀, ẹ kúkú dá iye kọmíṣọ̀n yín ká gbọ́.

Àkọ́bíTíṣà

Ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n iwájú ilé yẹn la sin bàbá mi sí. Ọ̀rọ̀ títà ò sí níbẹ̀.

Plánà_Àná (Àìkú, aago 6 àárọ̀)

Ọmọ tíṣà, ẹ kú ìdààmú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ètò ìlú kí n tó fẹ̀yìntì. Bí wọ́n bá gbé irú ọ̀ràn yìí wá, ohun kan ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè: ṣé táǹkì ti wọlẹ̀ àbí kò tíì wọlẹ̀? Bí kò bá tíì wọlẹ̀, wọ́n á gbọ́ tiyín, torí pé ohun tó wà lórí pépà ò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan púpọ̀ láti yí padà. Bó bá ti wọlẹ̀ tán, tí wọ́n ti da yanrìn bò ó, tí wọ́n ti rọ kọnkéré lé e lórí, owó ńlá ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ ló kù. Mo ti rí ìdílé tí ẹjọ́ wọn tọ̀nà ju ti ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí kọnkéré ti gbẹ.

Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ gba ọ́fíìsì àwọn táọ́n-plánà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lọ. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé sọ́fè bàbá yín dání. Ẹ má pariwo. Ẹ kàn béèrè pé ṣé ẹnì kan ti mú plánù ilé epo wá fún ilẹ̀ tó bá tiyín pààlà, ibo ló sì dé. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé fún wọn pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbì kan tí kò ní plánù. Àwọn fúnra wọn ló máa gbé ọ̀dà pupa lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó wà, ẹ bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ wo àwòrán ibi tí táǹkì máa wà. Èyí tó wù kó jẹ́, lẹ́tà méjì lẹ ó mú lọ, ọ̀kan á dúró lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ lu èkejì fún yín. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ìtàn ni.

Ìwé plánù nìkan kò tó o. Nígbà tí òfin epo ti 2021 fọ́ DPR, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo tẹ́lẹ̀, sí wẹ́wẹ́, NMDPRA, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó rọ́pò rẹ̀, ló jogún ọ̀rọ̀ ilé epo. Àwọn náà máa ń wo ilẹ̀ kí wọ́n tó gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ ilé epo síbẹ̀. Àwọn òṣùwọ̀n tí DPR ń lò kò ṣòro: láti etí títì dé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo, ó kéré tán mítà 15, láàárín ilé epo tó ti wà àti tuntun, ó kéré tán mítà 400, láàárín kìlómítà méjì, apá ọ̀tún àti apá òsì títì, kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ, ẹ ka èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́ mọ́ ọn, omi tó ń ṣàn kúrò níbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ odò. Ẹ mú tẹ́ẹ̀pù, ẹ wọ̀n gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìṣísẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi gùn ju tiyín lọ.

Ẹ má tíì gbé e lọ sórí rédíò. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti dójú tì ní gbangba, ó ṣòro kó tó padà wá jókòó sí pálọ̀ yín.

Àkọ́bíTíṣà (Àìkú, aago 4 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun bàbá. A ti wọ̀n ọ́n. Èèkàn táǹkì sí ẹnu kànga: mítà 31. Ilé epo tó sún mọ́ wa jù lé ní mítà 900, méjì péré ló sì wà láàárín kìlómítà méjì. Òṣùwọ̀n yẹn kò gbè mí, àwọn ló gbè. Ṣùgbọ́n odò kékeré kan wà lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni ilẹ̀ da gẹ̀rẹ́ sí. Bí òjò bá rọ̀, kò sí ibòmíì tí omi lè gbà.

Bàbá_Àgbà_Orí_Òkè

Ẹ wo ayé. Ìjàyè tí ogun 1860 sí 1862 sọ di ahoro, àwọn baba wa sá kúrò níbẹ̀ tọmọtọmọ. Lónìí wọ́n ń du ibi tí wọ́n ó ri táǹkì sí lọ́nà ibẹ̀. Kúrunmí, olórí Ìjàyè nígbà ogun yẹn, ì bá béèrè owó oníbodè lọ́wọ́ wọn ni. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mo kàn ń kọjá ni.

Wẹ́dà_Táǹkì

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń jẹun nídìí ẹ̀ sọ̀rọ̀. Táǹkì tí mo ti bá wọn sọ̀ kalẹ̀ ti lé ní ogún. Irin ni, èyí tó sì wọ́pọ̀ ni oní lítà 33,000 àti oní lítà 45,000. Irin tó bá wà nínú ilẹ̀ tútù á dógùn-ún, àdúrà kankan ò gbà á, àfi ohun tẹ́ ẹ bá fi wé e. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi ọ̀dà dúdú kùn ún nípọn, á wá fi yanrìn tó mọ́ yí i ká, kò ní jẹ́ kí òkúta kan ṣoṣo kan ara rẹ̀. Ẹni tó ń kánjú ńkọ́? Ilẹ̀ tó wú jáde náà ni á dà padà sí i, tòkúta tòkúta. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gé táǹkì ẹ̀yìn táńkà tó ti gbó, wọ́n kùn ún títí ó fi ń dán bíi bàtà ọmọ iléèwé, wọ́n rì í. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo lọ. Ẹlòmíì ló bá wọn parí ẹ̀.

Kí a tó sọ ọ́ kalẹ̀, a máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú, a ó wá fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ibi tí a ti jó o pọ̀. Ibi tó bá ti ń ru fófò, ibẹ̀ ló ń jò. Kò gba ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún onílé epo pé ẹ fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí táǹkì rẹ̀ dára kò ní kọ̀.

Èkejì, ẹ ní kí wọ́n ri páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà, lápá ibi tí kànga yín wà, kó jìn ju ìsàlẹ̀ táǹkì lọ, kí ìdérí rẹ̀ wà lókè. Bí epo bá ń jò, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ hàn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, torí epo fúyẹ́ ju omi lọ, ojú omi abẹ́ ilẹ̀ ló máa ń léfòó sí. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, igi tí wọ́n fi ń wọn epo nínú táǹkì láràárọ̀. Ohun tí igi sọ àti ohun tí ẹ̀rọ ní àwọn tà gbọ́dọ̀ bára mu. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, epo ń dín fún oṣù mẹ́ta, mànéjà ń lé àwọn ọmọbìnrin tó ń ta epo lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé olè ni wọ́n. Ilẹ̀ ló ń mu ún.

Ìyá_Wúrà

Ohun tí wẹ́dà sọ yìí, èmi ni wọ́n ṣe é fún. Mi ò ní dárúkọ ìlú, mi ò ní dárúkọ ilé epo.

Láàárọ̀ kan mo ṣí ìdérí kànga, afẹ́fẹ́ tó fẹ́ lù mí lójú dà bí ìgbà téèyàn ṣí táǹkì ọ̀kadà. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, òórùn náà ti lọ. Ọkọ mi ní imú mi ló ń ṣe mí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rọ omi náà sínú bàsíà funfun tí mo fi ń wẹ ọmọ, ni mo bá rí àwọ̀ òṣùmàrè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ wà nínú omi yẹn nígbà tí mo rí i.

A ń sè é. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí: sísè kì í mú epo kúrò bó ṣe ń pa kòkòrò. Ńṣe ni ẹ̀ ń sọ epo náà di ooru tẹ́ ẹ ó máa fà símú nínú ilé ìdáná. Álọ́ọ̀mù ò ṣe nǹkan kan sí i. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní benzene, àjọ ìlera àgbáyé sì ní kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà omi kan. Iye yẹn kéré débi pé imú ẹlòmíì kò ní gbọ́ ọ. Ẹ má fi imú yín ṣe láàbù.

Nígbà tá a lọ bá onílé epo, ó ní mẹkáníìkì tó wà lódìkejì ló ń da epo sílẹ̀. Mẹkáníìkì ní ilé epo ni. Wọ́n bi wá pé, ṣé ẹ ní ìwé tó fi hàn pé omi yín dára tẹ́lẹ̀? A ò ní. Ibẹ̀ ni ẹnu wa ti pa. Ọdún kejì rèé tí mo ń ra omi oníkẹ̀kẹ́.

Torí náà àbúrò, kí táǹkì tó wọlẹ̀, gbé omi yẹn lọ fún àyẹ̀wò. Ìgò gíláàsì ni kó o lò, má lo rọ́bà. Kún un dé ẹnu pátápátá, kí afẹ́fẹ́ má wà lókè, dé e pinpin, kó o sínú kúlà oníyìnyín, kó dé lábù lọ́jọ́ náà. Sọ fún wọn pé benzene àti àwọn ẹbí rẹ̀ lo fẹ́ kí wọ́n wò, kí wọ́n má lọ wo iyọ̀ àti ìdọ̀tí nìkan kí wọ́n sì gbowó. Tọ́jú ìwé náà bí ìwé ilẹ̀.

Alágbàdo_Ojúnà

Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ogun ló ń bọ̀. Ojú títì yẹn ni mo ti ń sun àgbàdo. Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn ọlọ́kadà abúlé wa ti ń ra epo báyìí? Nínú yàrá. Nínú kẹ́ẹ̀gì, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ẹnì kan, wọ́n ń fi ìgò ọtí wọ̀n ọ́n, fìtílà wà lórí tábìlì. Ìyẹn ò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù torí pé kò ní káńtà. Bí ilé epo bá dé, iná á wà lóru, àwọn ọmọ wa méjì mẹ́ta á ríṣẹ́, mọ́tò á máa dúró, èmi náà á rí àgbàdo tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Èkó, ẹ fẹ́ kí abúlé dúró bíi fọ́tò, kẹ́ ẹ lè máa wá wò ó nígbà Kérésì.

Ṣé ẹnì kan ti bi màmá tíṣà fúnra wọn pé kí ni wọ́n fẹ́?

Àkọ́bíTíṣà (Àìkú, aago 10 alẹ́)

Ìyá alágbàdo, ọ̀rọ̀ yín dùn mí, òótọ́ sì ni. Mi ò bi wọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wọ́n tán ni.

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Wọ́n ní ilé epo ò dun àwọn, pé ó tiẹ̀ ti sú àwọn láti máa rán ọmọ lọ ra kẹrosíìnì ní Mọ́níyà. Ohun mẹ́ta ló ń dùn wọ́n. Àkọ́kọ́, omi. Èkejì, jẹnẹrétọ̀, torí pé ojú fèrèsé yàrá wọn ni ilẹ̀ yẹn kọ, oorun wọn ò sì wúwo mọ́. Wọ́n dákẹ́ kí wọ́n tó sọ ẹ̀kẹta. Wọ́n ní, "Pẹ̀rẹ́gún yẹn, bàbá rẹ gbìn ín lọ́jọ́ tí a parí òrùlé. Wọ́n hú u, wọn ò tilẹ̀ ní ẹ kú ilé."

Èmi tí mo ti ń wá lọ́yà kiri.

Plánà_Àná

Màmá ti bá wa ṣiṣẹ́ náà. Ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má kọ́ ọ rárá, ilẹ̀kùn ńlá ni, ó lè má ṣí. Àmọ́ kí wọ́n gbé táǹkì lọ sí apá kejì ilẹ̀, ìlà pẹ́ńsù ni lórí plánù. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ sínú lẹ́tà nìyẹn.

Ẹlẹ́rọ_Iná

Lórí jẹnẹrétọ̀: NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, ní òfin ariwo láti 2009. Fún ilé gbígbé, désíbẹ́ẹ̀lì 50 lọ́sàn-án, 35 lóru, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Níbi tí ìṣòwò bá ti dà pọ̀ mọ́ ilé gbígbé, ó di 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru, wọ́n sì lè fẹ́ kà yín mọ́ ìyẹn. Fóònù lè wọ̀n ọ́n fún yín, kò péye, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Ẹ wọ̀n ọ́n lóru òní tí abúlé ṣì dákẹ́, ẹ ṣe fídíò rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi igi másíkérédì, igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbìn yí ilé ká, tàn yín jẹ. Ó lẹ́wà, ó ń dí ojú, kì í dí etí. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó ga, tí kò ní ihò, tó sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ náà, ni nǹkan. Kí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú sí títì. Kí wọ́n sì gbé e kúrò lórí sìmẹ́ńtì tó so mọ́ ògiri yín, torí ilẹ̀ máa ń gbé ìró, a máa gbọ̀n débi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Nǹkan míì tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ: ibo ni ààrò màmá wà? Ooru tó ń jáde lára epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń rá lọ, ó sì ń tọ gọ́tà. Ìgbà tí táńkà bá ń já epo ló pọ̀ jù. Bí ààrò igi bá wà lẹ́bàá ààlà yẹn, ẹ gbé e lọ sí apá kejì ilé. Ìyẹn ò nílò ìwé ẹnikẹ́ni.

Àkọ́bíTíṣà

Ẹ̀bá ààlà gan-an ló wà. Ọlọ́run ṣeun.

Lọ́yà_Ìbílẹ̀ (Mọ́ńdè)

Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe kó tó ran àwọn ẹlòmíì. Ọ̀gá Ilẹ̀ ní òfin ilẹ̀ máa san owó fún yín. Òfin ilẹ̀ ti 1978, apá 28 àti 29, ohun tó ń sọ ni ìgbà tí gómìnà bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn nítorí ohun tó kan gbogbo ìlú. Ẹni tó ra ilẹ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Kò sí owó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ní nǹkan kan tẹ́ ẹ kà sí kékeré: pẹ̀rẹ́gún. Bó bá jẹ́ inú ilẹ̀ yín ló wà, wọ́n ti fi katakata wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ń wọn ilẹ̀, kó wá fi ìwé sọ́fè bàbá yín wá òpó ààlà jáde. Ẹ ya fọ́tò kòtò ibi tí wọ́n ti hú u, kí òpó ààlà hàn nínú fọ́tò kan náà. Ẹ má gbin òmíràn síbẹ̀ kó tó wá.

Ẹ má pe ọlọ́pàá, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ onílẹ̀ kankan bá yín dá sí i. Bí àwọn onílé epo bá gbé ìwé wá fún màmá pé kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn aládùúgbò ò ní ìṣòro, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mú àpò ìrẹsì dání. Kí wọ́n gba ìrẹsì tí wọ́n bá fẹ́. Kí bíró dúró sínú àpò.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ bá Baálẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹnu gbà níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé, kí onílé epo fọwọ́ sí i, kí Baálẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọ̀gá_Ilẹ̀

Mo gba àtúnṣe lọ́yà. Nọ́ńbà mi ṣì wà níbẹ̀ o.

Àkọ́bíTíṣà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Plánù wà ní ọ́fíìsì, wọn ò tíì fọwọ́ sí i. Àkọ̀wé tó mú un wá fún mi wò fi ìka rẹ̀ tẹ ibi tí táǹkì wà, ó bi mí pé, "Kí ló wà ní apá ibí yìí?" Mo ní kànga abúlé ni. Ó ní kò sí kànga lórí àwòrán. Lóòótọ́, ẹni tó ya á fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, bí ẹni pé oko lásán ni. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo so fọ́tò mọ́ ọn, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tèmi.

Ẹni tó wọn ilẹ̀ wá òpó ààlà méjèèjì jáde. Ọ̀kan wà lábẹ́ ewé gbígbẹ, odidi. Èkejì ti fọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ katakata. Ìlà pẹ̀rẹ́gún bàbá mi wà nínú ilẹ̀ wa ní bí ìdajì mítà. Wọ́n ní àwọn àgbà ìgbà yẹn máa ń fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ní wọ́n jẹ ilẹ̀ òun.

Fọ́tò yẹn ni mo fi ránṣẹ́ sí onílé epo nípasẹ̀ Baálẹ̀, mi ò bú u, mi ò halẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló dé, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ ò sọ fún òun pé ẹnì kan ń gbébẹ̀. Ó kí màmá dáadáa, ó tọrọ àforíjì nítorí pẹ̀rẹ́gún kó tó jókòó, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí ojú ìyá mi rọ̀. Wọ́n ti gbà láti gbé táǹkì lọ sí apá kejì. A wọ̀n ọ́n, ó di mítà 58 sí kànga. Irú páìpù tí wẹ́dà sọ, méjì, wà nínú ìwé tí a jọ fọwọ́ sí, àti ọjọ́ omi ọṣẹ pẹ̀lú. Gọ́tà ṣì ń fà á díẹ̀. Ó fẹ́ kó ṣàn lọ sẹ́yìn, a ní kó gbẹ́ kòtò tó máa kọ́kọ́ gba omi náà, kí epo léfòó síbẹ̀, kó máa fà á kúrò. Owó rẹ̀ ló ń wò.

Jẹnẹrétọ̀ la ò tíì fẹnu kò sí. Ó ní ògiri búlọ́ọ̀kù á wà ṣùgbọ́n kò lè pa á láago mẹ́wàá, torí pé lóru làwọn táńkà ń já epo. Màmá ní kó máa pa á láago mọ́kànlá. Wọ́n ń nájà bí ẹni ra tòmátì.

Ìyá Wúrà, àyẹ̀wò omi ti jáde, ó mọ́ tónítóní. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi pọ̀, mo sì fẹ́ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹni tó bá mọ lábù tó dín díẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, tí wọ́n ń wo benzene lóòótọ́, kó jọ̀ọ́ kó kọ ọ́ síbí.

Alágbàdo_Ojúnà

Ẹ bá mi bi onílé epo yẹn bóyá ó máa gbà mí láàyè ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èmi ò ní sun àgbàdo lẹ́bàá táǹkì, mo ti ka ohun tí ẹlẹ́rọ kọ. Ẹ̀pà ni mo fẹ́ máa tà.

Àkọ́bíTíṣà

Màmá ti bá yín bi í. Ó ní kẹ́ ẹ wá rí òun. Àti pé pẹ̀rẹ́gún tí wọ́n tún gbìn ti yọ ewé méjì, wọ́n ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ fún ìyá alágbàdo, níwọ̀n bí àwa ará Èkó ti fẹ́ràn fọ́tò.